Ẹ má fi èsì WAEC nìkan yan tíṣà físíìsì tí ẹ fẹ́ yẹ́ sí

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wọn ṣe máa mọ tíṣà físíìsì tó tọ́ sí àmì-ẹ̀yẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú tiwa rí.

Lọ́dún àkọ́kọ́, èsì WAEC la gbójú lé. Tíṣà tí ọmọ rẹ̀ gba A jù lọ ló gba owó àti pláàkì, a sì ya fọ́tò rẹpẹtẹ. Kò pẹ́ tí àbúrò mi kan tó kàwé níbẹ̀ fi tú àṣírí: lọ́jọ́ ìdánwò, ìdáhùn ti wà lójú pátákó kí wọ́n tó pín ìbéèrè tán. Ara mi bù máṣọ, torí èmi gan-an ni mo kọ lẹ́tà ìkíni kú oríire.

Lọ́dún kejì, a ní a máa lọ jókòó sí kíláàsì fúnra wa. Ilé-ìwé márùn-ún la lọ. Ní mẹ́ta, tíṣà ń ka nóòtì, àwọn ọmọ ń kọ ọ́, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù. (Ẹ̀bi wọn kọ́ ni gbogbo rẹ̀ o. Ẹni tí ọmọ ọgọ́rin wà ní kíláàsì rẹ̀, kí ni kó ṣe?) Ìkẹrin ò tilẹ̀ ní tíṣà físíìsì; tíṣà máàtì ló ń bá wọn dí àlàfo.

Ní ìkarùn-ún, ọkùnrin kan so òkúta mọ́ okùn, ó gbé e kọ́ sójú fèrèsé. Láti ìṣó dé àárín òkúta jẹ́ mítà kan. Kó tó jẹ́ kó máa fì, ó bi wọ́n pé: bí òkúta bá wúwo sí i, ṣé á yára ni, àbí á falẹ̀? Kíláàsì pín sí méjì, ariwo sọ. Kò dá ẹnikẹ́ni láre. Ó fún wọn ní fóònù rẹ̀ kí wọ́n fi ka àkókò. Lílọ-bọ̀ 20 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Wọ́n so òkúta tó tóbi jù ú lọ, wọ́n tún okùn wọ̀n: 40 náà ni. Ọmọbìnrin kan ní irọ́ ni, ẹni tó ń kà ló ṣì í kà. Tíṣà ní kó wá kà á. Ìgbà tí wọ́n dín okùn kù sí sẹ̀ǹtímítà 25, ó wálẹ̀ sí 20. Gígùn okùn ló ń pinnu àkókò, kì í ṣe ìwúwo òkúta. Èmi tí mo ti há fọ́múlà rẹ̀ sórí láti ìgbà èwe, ọjọ́ yẹn ló tó yé mi.

Ohun tí ẹ máa wò nìyẹn: kí ni tíṣà ń ṣe bí ọmọ bá jiyàn? Peter Tabichi ní Kẹ́ńyà, tó ń kọ́ni ní máàtì àti físíìsì, gba Global Teacher Prize, àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé fún tíṣà, lọ́dún 2019, mílíọ̀nù kan dọ́là. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé-ìwé rẹ̀ ní nígbà náà. Àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ti rí iná mànàmáná fà yọ lára ewéko àdúgbò wọn.

Ní ti ẹ̀bùn, ẹ bi tíṣà náà léèrè ohun tó fẹ́. Tiwa ò fẹ́ pláàkì. Wáyà metre bridge (ohun èlò láàbù tí wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dènà iná tó) àti bátìrì ló ní ká rà. Ẹ sì tètè bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí wọ́n má gbé tíṣà náà kúrò ní kíláàsì. Àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí a yẹ́ ẹ sí, wọ́n fún un ní ìgbéga, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì, ó ń to fáìlì. Wáyà tí a rà ṣì wà nínú páálí rẹ̀.