Èsì: Kí ni kí n kọ́kọ́ kà kí kíláàsì Boeing 737 tó bẹ̀rẹ̀?
Kú ìmúra o, àbúrò. Ètò iná àti epo bàálù, wọn á kọ́ ẹ níbẹ̀. Memory items, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ pàjáwìrì tí awakọ̀ bàálù gbọ́dọ̀ ṣe láìwo ìwé, ni kí o há sórí báyìí, bí ìwé ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Tẹ àwòrán kọ́kípíìtì jáde, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí o máa fi ìka tọ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bí ẹnu rẹ ṣe ń pè é. Ìyẹn ò nílò NEPA, o ṣáà mọ Ìkòròdú wa.

Jẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó tún dẹ eré lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, mọ ìṣirò yìí, kí o lè mọ ibi tó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀: fún gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tí o fẹ́ sọ̀, o nílò nautical mile (máìlì tí awakọ̀ bàálù ń lò) 3. Láti 30,000, nǹkan bí 90 nìyẹn, kó o tún fi díẹ̀ kún un fún dídẹ eré. Máa ṣe é lórí nínú dáńfó títí dé Kétu. Gosiló á fún ẹ láyè dáadáa.