Ìwé àtijọ́ lè di iṣẹ́ fún ẹ

Àbúrò mi, o béèrè bóyá dìgírì ìtàn tó o gbà lè gbé ẹ dé ilé àkójọ ìwé àtijọ́. Ó lè gbé ẹ débẹ̀, àmọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìwé kún un. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Inú ọgbà yẹn náà ni ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba, tí òpìtàn Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ ní 1954, wà.

Má dúró de lẹ́tà iṣẹ́ o! Àpótí kún ilé àwọn àgbà wa ní Àgbádárìgì níbí. Bàbá kan ṣí tirẹ̀ fún mi: ikán ti jẹ etí ìwé ilẹ̀, irin tí wọ́n fi so ó ti dípẹtà mọ́ ọn. Àánú ṣe mí gan-an. Tó o bá ń to irú ìwé bẹ́ẹ̀, pẹ́ńsù ni kó o fi kọ nọ́ńbà sí i, má fi bírò. Má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí kan, to àpótí wọn, kó o sì gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání lọ síbi tó o bá ti ń wá iṣẹ́.