Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Hẹ́ẹ̀dì, bọ́dì, TARE, dẹ̀mọ́réèjì, níbo ni wọ́n ti wá, èwo ló sì kan owó mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ni mò ń tà ní Ìbàdàn. Lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọ̀lú ni mo ti ń rà á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èmi àti àbúrò mi ti pawọ́ pọ̀ ra kọ̀ńténà kan báyìí, ó sì ti fẹ́ gúnlẹ̀ sí Àpápá. Èdè tí àwọn onítírélà ń bá mi sọ lórí fóònù kò yé mi. Ọ̀kan ní hẹ́ẹ̀dì òun dára, bọ́dì ni òun máa háyà. Òmíràn ní kí n fi owó dẹ̀mọ́réèjì sọ́kàn. Ẹnì kan tún ní kí n já ẹrù náà sínú lọ́rì náínì-ìlẹ́fùn méjì ní Àpápá, pé tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Mo sì rí TARE lára kọ̀ńténà nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Níbo ni gbogbo orúkọ yìí ti wá, èwo ló sì yẹ kí n mọ̀ kí n tó sanwó? — Ìyá Táìsì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, mà. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Púpọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí ti wà kí mọ́tò tó dáyé. Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹṣin àti àwọn oníṣòwò àtijọ́ ni wọ́n ti wá. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ tí orúkọ kan ń ṣe níbi tó ti wá, ẹ ó mọ ohun tí wọ́n ń gbowó lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí TARE bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kan táìsì jù. Èdè Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀, níbi tó ti jẹ́ ohun tí a yọ sọnù. Àwọn oníṣòwò gbé e kọjá sí Ítálì àti Faransé, ó di ìwọ̀n ohun tí a fi di ọjà, bí ẹni tó ń ra epo pupa ṣe ń yọ ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì kúrò kó tó sanwó. Lára ilẹ̀kùn kọ̀ńténà, TARE ni ìwọ̀n kọ̀ńténà lófìfo. Ti ẹsẹ̀ bàtà 20 máa ń tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 2,200 sí 2,400, ti ẹsẹ̀ bàtà 40 sì máa ń sún mọ́ 3,800. MAX GROSS ni àpapọ̀ ìwọ̀n kọ̀ńténà àti ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Kìlógíráàmù 30,480 ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ yọ TARE kúrò nínú rẹ̀, èyí tó kù ni ẹrù tó lè gbé. Táìsì wúwo débi pé ìwọ̀n rẹ̀ máa ń pé kí àyè inú kọ̀ńténà tó kún, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kó o wọlé fi fẹ́ràn ẹsẹ̀ bàtà 20. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bá yín dúnàá-dúrà owó fọ́tì-fíìtì, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 40, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ẹrù yín bóyá irú rẹ̀ ni tiyín.

Ẹni tó ní náínì-ìlẹ́fùn ń gbé tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án kò ka nọ́ńbà náà dáadáa. Mercedes-Benz 911 ni lọ́rì yẹn, láti àwọn ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ náà sì ti ń kọ ìwọ̀n ọkọ̀ àti agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ sínú orúkọ. 9 ni tọ́ọ̀nù. 11 ń tọ́ka sí agbára ẹṣin bíi 110. (608 tí ẹ máa ń rí náà, bẹ́ẹ̀ ni: tọ́ọ̀nù 6, agbára ẹṣin 80.) Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù 9 yẹn, àti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àti awakọ̀, àti epo inú táǹkì, àti ẹrù ni wọ́n kó pọ̀. Kọ̀ńténà táìsì sì sábà máa ń lé ní tọ́ọ̀nù 20. Náínì-ìlẹ́fùn méjì kò lè gbé e láìṣe pé wọ́n dẹrù pa ọkọ̀, táìsì tí wọ́n bá sì já lẹ́ẹ̀mejì, fífọ́ rẹ̀ á pọ̀. Ẹ má gbà.

Ẹni tó máa háyà bọ́dì kò purọ́ ní tirẹ̀. Ọkọ̀ méjì ni tírélà: hẹ́ẹ̀dì tó ń fà, àti bọ́dì tó ń wọ́ tẹ̀ lé e. Bọ́dì yìí gan-an ló ni orúkọ tírélà, àwa la fi pe odindi ọkọ̀. Ní ọdún 1914, ní Detroit ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò pákó kan fẹ́ gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ sí ibi ìsinmi létí adágún. Ó tọ August Fruehauf lọ, alágbẹ̀dẹ tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Fruehauf kan bọ́dì kan tó ní ẹsẹ̀ lẹ́yìn nìkan, ó wá gbé iwájú rẹ̀ lé ẹ̀yìn mọ́tò Ford. Ó pè é ní semi-trailer, ìyẹn tírélà àábọ̀, torí iwájú rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Irú rẹ̀ náà ló ń jáde ní Àpápá lónìí.

Ibi tí méjèèjì ti so pọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù. Fifth wheel là ń pè é, kẹ̀kẹ́ karùn-ún, bẹ́ẹ̀ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gíríìsì kùn ni, kò ní táyà kankan. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní. Irin róbótó kan tún máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ iwájú, kí iwájú náà lè yí nígbà tí ẹṣin bá ń yà. Òun ni wọ́n kà ṣe karùn-ún, orúkọ náà ò sì kúrò mọ́. Kí ẹrù yín tó gbéra, ẹ ní kí ẹni tó ń ṣojú yín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn hẹ́ẹ̀dì. Irin kan tó nípọn tó íǹṣì méjì, kingpin, yọ sísàlẹ̀ láti abẹ́ bọ́dì. Ẹnu fifth wheel gbọ́dọ̀ ti pa dé mọ́ ọn lọ́rùn pátápátá, àlàfo kò sì gbọ́dọ̀ sí láàárín irin pẹlẹbẹ méjèèjì. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ á ki jíà, á fa hẹ́ẹ̀dì síwájú díẹ̀ nígbà tí búréèkì bọ́dì ṣì dì, kó lè mọ̀ pé ó gbá a mú lóòótọ́. Èyí tó bá ń kanra torí ẹ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Kọ̀ńténà náà gbọ́dọ̀ dè mọ́ bọ́dì. Ohun tí wọ́n fi ń dè é náà ní ìtàn tirẹ̀. Malcom McLean, onílọ́rì ará Amẹ́ríkà, ló fi ọkọ̀ Ideal X kó kọ̀ńténà 58 láti Newark lọ sí Houston ní oṣù kẹrin ọdún 1956. Keith Tantlinger tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ṣe ìdè igun tí à ń pè ní twist lock. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀: ó wọ ihò igun kọ̀ńténà, ẹ yí i, ó dè. Mẹ́rin ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbọ́dọ̀ wà ní yíyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ńténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba, ó pa èèyàn mẹ́ta. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òmíràn ṣubú lé bọ́ọ̀sì èrò ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí yín kí awakọ̀ tó tẹná.

Ó ku dẹ̀mọ́réèjì. Inú Faransé àtijọ́ ló ti wá, ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ kí èèyàn pẹ́ níbì kan. Owó tí ọlọ́kọ̀ ojú omi ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó háyà ọkọ̀ rẹ̀ tí kò tètè já ẹrù ni. Ní Àpápá lónìí, ẹni mẹ́ta lè pe orúkọ yìí sí yín létí: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, bí kọ̀ńténà wọn bá pẹ́ lọ́wọ́ yín ju ọjọ́ ọ̀fẹ́ lọ, àwọn tó ni ọgbà èbúté, torí ilẹ̀ tí ẹrù gbà, àti onítírélà, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá dúró jù ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pè é, ẹ bi í pé ti ta ni. Ti onítírélà, ẹ fẹnu kò sí iye ọjọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú wébíìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn.

Ẹ tún béèrè bóyá owó tí ẹ dúnàá-dúrà sí kan dídá kọ̀ńténà òfìfo padà. Ibi tí wọ́n bá dá a padà sí máa fún awakọ̀ ní ìwé, ìwé yẹn lẹ ó sì fi gba owó ìdúró (dìpọ́síìtì) tí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san èyí tó ṣẹ́kù fún un.