Oòrùn ojú fèrèsé kì í fún ọmọ ní fítámìn D

Ìbéèrè:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Manchester ni mò ń gbé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé fítámìn D ara Àdùnní, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti lọ sílẹ̀. Mo bá gbé tábìlì tó fi ń kàwé sí ìdí fèrèsé kí oòrùn lè máa ta sí i lára. Ó ní olùkọ́ àwọn sọ pé gíláàsì máa ń dá UV, ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí, dúró. Ó wá bi mí pé: "Mọ́mì, ṣebí wọ́n ní UV lágbára ju ìmọ́lẹ̀ tá a fi ń ríran lọ? Báwo ni gíláàsì ṣe dá alágbára dúró, tó wá jẹ́ kí aláìlágbára kọjá?" Mi ò rí èsì fún un. Ilé ìwé tún ní ká ra sunscreen, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, fún ìgbà ooru. Ṣé awọ dúdú nílò ìyẹn náà?

Ìyá Àdùnní

Èsì:

Ìyá Àdùnní, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí Àdùnní dáadáa, torí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kì í ronú débi ìbéèrè yẹn.

A máa ń rò pé ohun tó bá lágbára jù ló máa wọlé jinlẹ̀ jù. Ti ìtànṣán kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dá ìtànṣán dúró ni kí agbára rẹ̀ bá ohun tí àwọn electron (ohun tíntìntín inú átọ̀mù) inú nǹkan náà lè gbà mu. Ẹ wo ọjà: ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó ra ohunkóhun ní ìsọ̀ kan, ńṣe ló máa kọjá lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ tó ló máa dúró, ibẹ̀ náà lowó ọ̀hún máa tán sí. Ìmọ́lẹ̀ tá a fi ń ríran kò lágbára tó láti ru àwọn electron inú gíláàsì fèrèsé sókè, ló ṣe ń kọjá wọlé. Ti UVB, ọ̀kan lára oríṣi UV, tó, ló ṣe ń parí síbẹ̀. (Gíláàsì ilé ni mo ń sọ o. Quartz tó mọ́ gaara máa ń jẹ́ kí UV kọjá, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe gílóòbù UV tó ń pa kòkòrò àrùn.)

Oríṣi UV mẹ́ta ló wà, bí ìgbì wọn bá sì ṣe kúrú tó ni agbára wọn ń pọ̀ tó. Ìgbì UVA gùn tó nánómítà 315 sí 400, UVB jẹ́ 280 sí 315, UVC sì jẹ́ 100 sí 280. UVC ló lágbára jù, síbẹ̀ èyí tó ti ara oòrùn wá kì í dé ilẹ̀ rárá, torí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti ozone, afẹ́fẹ́ mìíràn tó wà lójú ọ̀run, ti gbà á tán lókè. Wọ́n tún gba èyí tó pọ̀ jù nínú UVB. Nínú UV tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ló jẹ́ UVA.

Bó ṣe rí lára awa náà nìyẹn. Awọ òkè ni UVB sábà máa ń parí sí. Ibẹ̀ ló ti ń sọ ọ̀rá kan tó ń jẹ́ 7-dehydrocholesterol di ìpilẹ̀ fítámìn D, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ba DNA sẹ́ẹ̀lì jẹ́ tí oòrùn bá pọ̀ jù. UVA tí agbára rẹ̀ kéré ló ń wọ awọ ìsàlẹ̀, tó ń sọ awọ di hunjọ bí ọdún ti ń gorí ọdún. UVA yìí ló ń gba gíláàsì kọjá, òun wà lára ohun tó ń mú kí kọ́tìnì ṣá. Ọmọ tó jókòó sídìí fèrèsé ń gba UVA, kò sì rí fítámìn D kankan níbẹ̀. Ẹ gbé tábìlì yẹn síbi tó bá wù yín.

Kódà, ẹ ò lè ṣí fèrèsé kí ẹ rí i gbà nígbà òtútù. Láti October títí dé ìbẹ̀rẹ̀ March, oòrùn Britain lọ sílẹ̀ gan-an lójú ọ̀run, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà la ozone kọjá gùn, UVB sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó débí. Awọ wa tún ń fi melanin, ohun tó ń mú kí awọ dúdú, dá UVB dúró. Ìwádìí kan lọ́dún 1979 rí i pé nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 UVB ló ń la awọ òkè àwọn adúláwọ̀ kọjá, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 24. N'Ìbàdàn, tí oòrùn ti ń wà lókè orí lọ́sàn-án, ẹ̀bùn ńlá nìyẹn. Ní Manchester, ó ń dín fítámìn D kù. Ìdí nìyẹn tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Britain, fi ní kí àwa adúláwọ̀ ro ti lílo máíkírógíráàmù 10 (400 IU ni wọ́n máa ń kọ sára ike rẹ̀) lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ti Àdùnní ti lọ sílẹ̀ ná, ìwọ̀n tí dókítà bá kọ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má fi òmíràn kún un láìbéèrè: fítámìn D tó bá pọ̀ jù máa ń mú kí calcium pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ti sunscreen, ẹ máa wo UV index (nọ́ńbà tó ń fi bí UV ọjọ́ náà ṣe lágbára tó hàn) nínú ìròyìn ojú ọjọ́. Tí kò bá tó 3, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó ṣeré. Tó bá tó 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì máa pẹ́ níta, ẹ fi fìlà àti sunscreen SPF 30 (SPF ni nọ́ńbà ààbò tó wà lára ike rẹ̀) sí i. Awọ wa kì í tètè jó, àmọ́ ó ń jó, ẹyinjú kò sì ní ààbò tí awọ ní. UVB ni SPF ń wọ̀n, nítorí náà ẹ wá àmì UVA tí wọ́n fi òbìrí yí ká lára ike. Tí ẹbí yín bá ní ọmọ àfín, ẹ má wo ti index o. Ojoojúmọ́ tó bá máa jáde ni ti ẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, torí jẹjẹrẹ awọ ń tètè mú wọn.

Wọ́n ń ta àwọn ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan tó ń yí àwọ̀ padà tí UV bá kàn wọ́n. Ẹ ra díẹ̀ fún Àdùnní. Kó kó wọn síta, lẹ́yìn náà sídìí fèrèsé ilé, lẹ́yìn náà sẹ́yìn gíláàsì iwájú mọ́tò. Wọ́n máa yí díẹ̀ nílé, torí UVA ń wọlé, àmọ́ wọn ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ yí rárá nínú mọ́tò, torí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín gíláàsì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ó sì ń gba UVA náà. Kó ṣe é ní ọ̀sán gangan nínú June.

Bàbá Ìbejì, Aberdeen