Oyún oṣù márùn-ún ní Houston, kò sí adójútòfò: èló ni ìbímọ máa ná wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún tó kọjá ni mo wá bá ọkọ mi ní Houston pẹ̀lú green card. Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún, a ò sì ní adójútòfò ìlera. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní owó ìbímọ lè tó ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún dọ́là, ni mi ò bá lọ fún àyẹ̀wò mọ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí. Nínú iṣẹ́ agbẹ̀bí tí mò ń ṣe, kò sóhun tó ń dùn mí bí aboyún tó sá fún àyẹ̀wò nítorí owó. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni ò tètè rí, tàbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, ló ń sọ owó kékeré di gbèsè ńlá.

Ọ̀rẹ́ ọkọ yín ò parọ́. Ìwádìí KFF, àjọ tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn tó ní adójútòfò láti ibi iṣẹ́, láàárín 2018 sí 2020, fi hàn pé oyún, ìbímọ àti ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀ ń ná nǹkan bíi $14,768 tí ìyá bá fúnra rẹ̀ bí, àti $26,280 tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ. Iye tí iléeṣẹ́ adójútòfò ti ná wálẹ̀ nìyẹn o. Ẹni tí kò ní in, iye tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kọ fún un. Ìwé owó ọ̀hún kì í sì í jẹ́ ẹyọ kan: ti ilé ìwòsàn lọ́tọ̀, ti dókítà tó gbẹ̀bí lọ́tọ̀, ti ẹni tó fún yín ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ọmọ tuntun náà á ní tirẹ̀.

Ẹ pe 2-1-1, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ti ń tọ́ka aráàlú sí ìrànwọ́, kí ẹ ní ẹ fẹ́ fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ aboyún. Ní Texas tí ẹ wà, Medicaid, adójútòfò ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, lè má gbà yín nítorí green card yín ò tíì pé ọdún márùn-ún, àmọ́ CHIP Perinatal, ètò ìjọba tó wà fún ọmọ inú oyún, kì í wo ìwé ìgbélùú ìyá. Owó tó ń wọlé fún ìdílé ni wọ́n ń wò, wọ́n sì máa ń ka ọmọ inú mọ́ ará ilé, nítorí náà ẹ má fúnra yín pinnu pé owó ọkọ yín ti pọ̀ jù. Ètò yìí ń bójú tó àyẹ̀wò aboyún, ìbímọ, àti ìbẹ̀wò méjì lẹ́yìn ìbímọ.

Tí wọn ò bá gbà yín, ẹ mọ̀ pé oyún nìkan kò tó láti fi ra adójútòfò lórí HealthCare.gov, ìkànnì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń ta adójútòfò, nígbà tí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ ọdọọdún bá ti kọjá. Ìbímọ ló ń fún yín ní ọgọ́ta ọjọ́ láti rà á, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ dé.

Kí ẹ tó yan ilé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí wọ́n máa gbà sílẹ̀ fún yín. Láti 2022, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ san. Tí ìwé owó bá fi $400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá iye yẹn, ẹ lè fi ẹ̀sùn ta kò ó láàárín 120 ọjọ́. Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó. Ó di dandan kí wọ́n ní in, àní lẹ́yìn tí ẹ ti bímọ ẹ ṣì lè kọ ọ́.

Tí ìwé owó bá dé, kí ọkọ yín má tíì fi káàdì san án. Ẹ kọ́kọ́ gba èyí tó to gbogbo nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n kọ ohun tí ẹ ò lò mọ́ ọn.