Àbúrò, má gbin tòmátì nínú òjò yìí

Àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ìpẹru, o ní àyè díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, o ń béèrè ẹ̀fọ́ àti ewé ọbẹ̀ tó lè fara da ooru àti òjò, o sì ní tòmátì wà lọ́kàn ẹ. Orí tòmátì yẹn ni mo ti fẹ́ bá ẹ wí. Má gbìn ín báyìí o.

Ọdún 2022 ni tèmi. Ọ̀gá kan tó ní ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀ lòún ti wá, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni tí kò fọwọ́ kan ilẹ̀ rí, ló ní kí n gbin ọgọ́ta ìdí sẹ́yìn ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé irú tóun mú wá ò mòjò, kò mọ oòrùn. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣe Ojúde Ọba, lóṣù Keje, ó ti dé mi lórúnkún, ó ti ń tanná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó tutù yọ̀yọ̀. Ó di ọ̀sán, ìdí mẹ́fà sorí kọ́ bí ọmọ tí wọ́n nà láìṣẹ̀. Ewé ò pọ́n, kò lu ihò, n ò rí kòkòrò kankan. Mo pe ọ̀gá. Ó ní omi ni ò tó o. Omi kẹ̀? Nínú òjò ojoojúmọ́? Èmi náà, òpè, mo tún pọnmi sí i. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, ó ti lé ní ìdajì tó kú. Ọ̀gá tún ta oògùn fún mi, mo fín in. Owó lọ, tòmátì lọ.

Ọmọ àbúrò ọkọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò ló là mí lójú. Ó gé ìdí ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, ó ki ojú ibi tó gé bọ inú ife omi tó mọ́ gaara, ó dì í mú kó má kan ìsàlẹ̀. Kò pẹ́, nǹkan funfun bí omi ògì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wálẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ó ní àrùn bakitéríà inú ilẹ̀ nìyẹn, pé ooru àti ilẹ̀ tó rin ló ń gbé e lárugẹ, kò sí oògùn fífín tó ń wò ó. Kí n fà wọ́n tu, kí n dáná sun wọ́n. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo wá lọ gbin ata rodo sójú ibẹ̀. Ìyẹn náà kú. Ṣé ọmọ ìyá kan náà ni tòmátì, ata àti ìkàn, àrùn yẹn sì lè gbé inú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àgbàdo ló wà níbẹ̀ báyìí. Tí wọ́n bá yá ẹ lọ́kọ́, fọ̀ ọ́ kó o tó lò ó. Iyẹ̀pẹ̀ ẹnu ọkọ́ ń gbé e kiri. Kódà tí àrùn ò dé, tí òru bá móoru jù, òdòdó tòmátì á kàn máa rẹ̀ dànù ni.

Ẹ̀fọ́ tó o béèrè: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ilá, ewédú. Ilé wọn nìyí. Fọ́n tẹ̀tẹ̀, má jẹ́ kó dí jù, òjò á mú un jẹrà. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin o ti ń jẹ ẹ́. Po hóró ṣọkọ mọ́ yanrìn. Ewédú nìkan ló lágídí. Tí ò bá hù, wọ́n á ní ẹni tó tà á lu jìbìtì, bẹ́ẹ̀ awọ hóró ẹ̀ ló le. Dì í sínú aṣọ, rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ka ení dé ẹ̀wá, yọ ọ́, sá a.

Ìgbín á wá lóru. Mú tọ́ọ̀ṣì jáde, kó wọn. Èmi ń sè wọ́n jẹ ní tèmi, ṣùgbọ́n tó o bá ti fín oògùn, má dán an wò.

Ewé ọbẹ̀: efinrin, ewúro, koríko ọba. Máa já orí efinrin tó bá fẹ́ tanná. Ewúro á di igi, má gbìn ín síbi tó ti máa ṣíji bo àwọn tó kù.

Háà, táìmù, ewé ọbẹ̀ òyìnbó inú ike tó o ní o rà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Lu ihò sídìí ike, fi yanrìn lú iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ dáadáa, gbé e sábẹ́ òrùlé, níbi tí oòrùn ti ń kàn án tí òjò ò lè nà án. Tí ewé ìsàlẹ̀ bá ti ń dúdú, omi ti pọ̀ jù nìyẹn. Dáwọ́ dúró títí iyẹ̀pẹ̀ á fi gbẹ.