Kí ni ká pe "leading light" ní Yorùbá?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan ní Ọ̀fà fẹ́ fi pátákó yẹ́ olùkọ́ ìṣirò wọn àtijọ́ sí. Wọ́n ti kọ "a leading light" sí i. Ṣé "iná tó ń ṣíwájú" ni kí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?

Rárá o. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé iná iwájú mọ́tò lẹ ń sọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ òkun ni "leading light." Lẹ́nu èbúté, wọ́n máa ń ri iná méjì mọ́lẹ̀: ọ̀kan wà nísàlẹ̀ níwájú, èkejì ga jù ú lọ, ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí atukọ̀ tó ń wọlé lóru bá rí i pé méjèèjì gun orí ara wọn, ojú omi tó jìn ló wà. Bí iná òkè bá yọ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ ti yà sọ́tùn-ún nìyẹn. Iná ìsàlẹ̀ ni yóò dojú kọ títí wọn yóò fi tún gunra. Àwa tó jẹ́ odò Asà ní Ìlọrin la mọ̀, kò sí irú iná bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi iná náà sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ mú: ẹni tí àwọn yòókù ń wò rìn.

Fún olùkọ́ yín, "àwòkọ́ṣe rere" ló bá a mu jù: ẹni tí a wò, tí a kọ́ ìṣe rẹ̀, tí àwa náà sì ń ṣe é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Shaykh Adam Abdullah al-Ilory, tó dá Markaz, ilé-ẹ̀kọ́ kéwú, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Àwọn tó kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ dá ilé kéwú tiwọn sílẹ̀. Ẹ má ṣèèṣì kọ "àríkọ́gbọ́n" o! Ẹni tí nǹkan bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ la sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, bí òwe ti wí pé ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

"Aṣíwájú" náà léwu díẹ̀. Oyè ni lọ́pọ̀ ìlú. Ní Ọ̀fà gan-an, Aṣíwájú ni wọ́n ń pe olóyè J. S. Ọláwóyin, olóṣèlú. Wọn yóò bi yín pé ọba wo ló fi í jẹ.

"Òpómúléró" dára fún ẹni tó gbé ẹrù, tó náwó, tí ilé ìbá wó láìsí i. Kò túmọ̀ sí ẹni tí a ń fara wé.

Ní Ìlọrin, "fìtílà" lè wọlé, àmọ́ etí tó ti mọ wàásí yóò gbọ́ ẹ̀sìn nínú rẹ̀, nítorí Àlùkùránì 33:46 pe Ànábì ní fìtílà tó ń tànmọ́lẹ̀. Fún àfáà, ó dùn. Fún olùkọ́ ìṣirò, ó tóbi jù.

Ohun tó sábà máa ń ba pátákó jẹ́ ni àmì ohùn. Bí ẹ bá kọ "òpó ilé-ẹ̀kọ́ wa," tí ẹni tó ń fín in yọ àmì kúrò, "opó" lèèyàn lè kà, bí ẹni pé ọkọ tàbí aya ló kú. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ sì lọ wò ó kó tó fín in.